Fìlà Àna Lórí Olórin

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé adùn ni ìfẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bi Àṣàkẹ́ ọmọ Àkíbù aránfìlà, ní Bẹyẹrúnkà. Yóò sọ fún yín pé ẹsẹ̀ ríro ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 1974, ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta tí Àṣàkẹ́ ti dúró lórí àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Màpó. Oòrùn ń ta á lórí, bàtà gogoro tó yá lọ́wọ́ Felicia sì ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Felicia yìí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Bẹẹrẹ. Òun náà ló hùmọ̀ irọ́ tí wọ́n pa nílé, pé àwọn ń lọ kí ọ̀gá àwọn kú ewu ọmọ. Ọ̀gá wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọlọ́run ló ṣe é tí ẹnikẹ́ni nílé ò rò ó wò.

Eruku Pupa ni wọ́n wá wò. Ọmọkùnrin márùn-ún ni wọ́n: gìtá mẹ́ta, ẹnì kan tó ń lu ìlù òyìnbó, àti Èjìdé tó ń kọrin, ọmọ gbọọrọ tí irun orí rẹ̀ tó apẹ̀rẹ̀ ata. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń lù, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kò sí kọ́ńpìnnì tó gbé wọn, kò sí olówó tó wà lẹ́yìn wọn. Àwọn fúnra wọn ló ń ru ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn wọlé, tí wọ́n tún ń rù ú jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pẹ́, ìdí nìyẹn náà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn fi ń pe ara wọn ní ọmọ Eruku, tí wọ́n ń dúró dè wọ́n nínú oòrùn láì bínú.

Àṣàkẹ́ ní tirẹ̀ ti ń bínú. Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tí òjìji kan bò ó. Ọkùnrin kan ló gbé pátákó ńlá sórí bí agbòòrùn, ọ̀dà pupa sì kún èékánná rẹ̀.

"Ẹ bọ́ sábẹ́ pátákó mi, ẹ̀yin ọmọge. Oòrùn yìí ò ní ojú àánú."

"Ta ló sọ fún yín pé oòrùn ń pa wá?" Àṣàkẹ́ dá a lóhùn.

"Òógùn tó wà lójú yín ni. Mi ò tiẹ̀ bi í, ó kàn ń sọ ọ́."

Felicia ti kó sábẹ́ pátákó ná. Ó gbójú sókè, ó wo ohun tí ọkùnrin náà kọ sí i. "Ẹ kọ 'Eruku' gbàǹgbà, ẹ wá fún 'Pupa' mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí èrò ẹ̀yìn ọkọ̀."

"Pátákó ló kúrú."

"Pátákó ò kúrú," Àṣàkẹ́ ní. "Ọwọ́ yín ni ò mọ ìwọ̀n."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí pátákó fi ń mì lórí rẹ̀. Akínwùmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ pátákó wà l'Ókè-Àdó. Ẹ má rò pé ẹ̀sìn ni yóò da ọ̀rọ̀ wọn rú o, ìmàle ni wọ́n nílé méjèèjì. Ohun tó da ọ̀rọ̀ wọn rú kéré ju ẹ̀sìn lọ, orí èèyàn kan ṣoṣo ló gbà á.

Nígbà tí Eruku Pupa dé tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀, Àṣàkẹ́ gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Gìtá yẹn kì í gba etí wọlé. Àyà ló ń gbà, bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Àwọn èèyàn ń fò, àga ń ṣubú, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. Orin kan sì wà tí wọ́n máa ń fi parí, "Ta Ló Ṣí Fèrèsé". Bí Èjìdé bá ti mú un sẹ́nu, gbogbo ọmọ Eruku á ṣí ohun tó wà lórí wọn, wọn á jù ú sórí ìtàgé, fìlà, gèlè, àkẹtẹ̀. Èjìdé á ṣa ẹyọ kan dé, á fi kọ orin náà tán, á wá jù ú padà fún ẹni tó ni ín. Ẹni tí wọ́n bá dé fìlà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọba ni títí di ìgbà tí wọ́n bá tún ṣeré.

Akínwùmí wo Àṣàkẹ́ lójú. "Ọjọ́ kan á jẹ́ tèmi," ó ní.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Felicia ni alárenà wọn, ó ń gbé ìwé lọ, ó ń gbé èsì bọ̀, ó ń ka méjèèjì lójú ọ̀nà. Ní gbogbo ìgbà tí Àṣàkẹ́ bá béèrè ìgbà tí Akínwùmí máa wá rí bàbá òun, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Jẹ́ kí Eruku ṣeré tó ń bọ̀ tán." Eré tó ń bọ̀ á dé, á tán, òmíràn á tún máa bọ̀.

Ọdún kan kọjá. Ó rẹ Àṣàkẹ́. Ló bá ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe.

Nílé Àkíbù, oríṣi fìlà kan wà tí wọn kì í tà. Fìlà àna ni wọ́n ń pè é. Aró ni wọ́n fi ń pa òwú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ sí i létí ní ìlà mẹ́ta, òṣùpá kékeré kan á sì wà níwájú. Bí wọ́n bá ń so yìgì ọmọbìnrin ilé, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rán an, òun náà ló ń fi í dé ọkọ rẹ̀ lórí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dé e fún ọmọ kan. Àṣàkẹ́ ti rí i nígbà tí bàbá rẹ̀ ń rán ti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi oṣù méjì rán tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó fi fún Akínwùmí.

"Èyí kì í ṣe fìlà tí wọ́n ń dé ṣeré," ó sọ fún un. "Ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ nílé wa ni kẹ́ ẹ dé e. Bí bàbá mi bá rí i lórí yín, wọ́n á mọ̀ pé mo ti parí ọ̀rọ̀. Wọ́n lè bínú, ṣùgbọ́n wọn ò ní lé yín."

Akínwùmí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ọjọ́ Àìkú tó wà láàárín ni Eruku Pupa ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan l'Ókè-Àdó. Fìlà náà wà lápò Akínwùmí. Ó kàn fẹ́ kó wà lára òun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí "Ta Ló Ṣí Fèrèsé", tí fìlà ń fò lọ lókè bí ẹyẹ, Àṣàkẹ́ rí ọwọ́ rẹ̀ tó wọ àpò, tó jáde. Kó tó lanu, ìlà aró mẹ́ta ti gba orí àwọn èèyàn kọjá. Nínú gbogbo fìlà tó wà nílẹ̀ níwájú ìtàgé, òun ni Èjìdé bẹ̀rẹ̀ mú. Ó gbé e lé orí apẹ̀rẹ̀ irun rẹ̀. Fìlà náà jókòó sókè téńté bí ẹyẹlé.

"Ó máa jù ú padà," Akínwùmí ń pariwo sí i létí, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. "Ó máa ń jù ú padà."

Iná lọ. Orin kú. Gbogbo gbọ̀ngàn ṣókùnkùn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n fi máa rìn yí ẹ̀yìn ilé-ìwé náà ká, ọkọ̀ Eruku Pupa ti lọ, Èjìdé ti lọ, fìlà ti lọ.

Àṣàkẹ́ ò sunkún. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Àdó dé Bẹyẹrúnkà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Àkíbù ra àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi pọ́n ọn. Ó jẹ àkàrà tán, ó ní kí òun fi ìwé nu ọwọ́, ló bá rí àwòrán kan níbẹ̀. Ó tẹ́ ìwé olóròóró náà sórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ó ké pe ìyàwó rẹ̀.

"Àtọ́kẹ́, pe ọmọ ẹ wá."

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ni èyí?"

"Olórin ni, Bàbá."

"Mo rí i pé olórin ni. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu kànga. Mo ní ta ni í ṣe nílé yìí?"

"Kì í ṣe ẹnì kankan."

"Ẹni tí kì í ṣe ẹnì kankan ló dé fìlà àna mi?"

Ìyá rẹ̀ dá sí i. "Ṣé kì í ṣe pé ẹlòmíì ló wo iṣẹ́ yín kọ́, Bàbá Àṣàkẹ́? Ayé ti di ayé àwòkọ."

"Mo mọ ọwọ́ mi, èyí kì í ṣe ọwọ́ mi. Ẹni tó ń jókòó ti ọwọ́ mi ló rán an." Ó ká ìwé náà ní méjì. "Àṣàkẹ́, mi ò ní lù ọ́. Ẹni tó wù ọ́ lo mú. Sọ fún olórin ẹ kó kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣùgbọ́n kó gé irun yẹn kó tó wọlé."

Àṣàkẹ́ mọ̀ pé òun lè dákẹ́. Ohun ìtìjú ni kí bàbá rò pé olórin ni òun fẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ òtítọ́ gan-an ló tini lójú jù, pé òun fún ọkùnrin kan ní ọkàn òun, ó sì jù ú sókè nítorí orin. Kí ni èèyàn ń fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe? Síbẹ̀ ó sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, láti orí pátákó títí dórí iná tó lọ.

Àkíbù rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ò hàn. "A jẹ́ pé olórin yẹn tiẹ̀ sàn. Wọ́n fún un ní fìlà, ó dé e. Ní kí tìẹ wá rí mi."

Akínwùmí wá lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ dákun, Bàbá. Ó máa ń jù ú padà ni. Iná ló lọ."

"Bí mo bá fún ọ lọ́mọ mi, tí iná bá lọ ńkọ́?"

Akínwùmí tún fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Lọ gbà á wá. Fìlà yẹn ò gbọdọ̀ wà lórí ẹni tí kì í ṣe àna mi. Bó o bá gbà á dé, a ó máa sọ̀rọ̀. Bó ò bá gbà á, má wulẹ̀ padà wá."

Eruku Pupa ti gba ọ̀nà òkè Ọya lọ. Akínwùmí ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó tẹ̀lé wọn.

Oṣù méje ni. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ti Ìlọrin wá, ojú ewé mẹ́ta. Nípa orin ni gbogbo rẹ̀: bí wọ́n ṣe ta gìtá, bí onílù ṣe fọ́ igi ìlù méjì, bí àwọn ọmọ Ìlọrin ṣe fò tí ilẹ̀ fi ń mì. Ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ló mẹ́nu ba fìlà. Felicia kà á tán, ó na ìwé náà sí Àṣàkẹ́.

"Àṣàkẹ́, ṣé ọkọ lo rán níṣẹ́ àbí oníròyìn?"

Èyí tó ti Kàdúná wá ò ju ìdajì ojú ewé lọ. "Èjìdé ní inú àpótí ni fìlà wà. Àpótí wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mò ń bá wọn kọ pátákó kí n lè rí oúnjẹ jẹ. Wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó máa sùn sórí bẹ́ǹṣì."

Èyí tó ti Jọ́ọ̀sì wá sì kúrú jù. "Lánàá, nígbà tí wọ́n ń kọ 'Ta Ló Ṣí Fèrèsé', mo jókòó sẹ́yìn, mò ń ka iye ìgbà tí onílù ń yán. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo ti gbọ́ orin yẹn títí, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Ṣé bàbá ṣì ń bínú?"

Ní gbogbo àsìkò yìí, ìyá rẹ̀ ti rí Sàídì fún un, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ta aṣọ léèsì ní Gbági. "Sàídì ò ní irun. Sàídì ò wo olórin. Bí iná bá lọ, Sàídì ní àtùpà," ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ, kò sì purọ́. Àṣàkẹ́ á jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, á máa wo aṣọ tí kò rán.

"Sọ òótọ́ fún mi," Felicia bi í lọ́jọ́ kan. "Ọkùnrin yìí lo fẹ́ràn ni, àbí orin yẹn?"

"N ò mọ̀."

"Tí o ò bá mọ̀, kí lo wá ń dúró dè?"

"Ó rẹ̀ mí, Felicia. Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè dìde lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì."

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi ti rí ìgbéyàwó tí irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú dúró pẹ́ ju èyí tí ijó mú dúró lọ.

Akínwùmí dé ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, eruku ojú ọ̀nà bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Ó ti rù. Ilé tirẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ yà. Ó wọlé tọ Àkíbù lọ níbi tó ti ń rán fìlà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Fìlà dà?" Àkíbù ò gbójú sókè.

"Kò sí, Bàbá. Èjìdé ní òun ti jù ú sí àárín èrò ní Jọ́ọ̀sì."

"Mo sì ní kó o má padà wá bó ò bá gbà á."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n wá sọ fún yín fúnra mi ni."

"O ò ṣe wá aránfìlà kan kó rán irú ẹ̀ fún ọ, kó o gbé e wá fún mi?"

"Ẹ mọ ọwọ́ yín, Bàbá. Ẹ sì mọ ọwọ́ ọmọ yín."

Àṣàkẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó di férémù rẹ̀ mú. Bàbá rẹ̀ já òwú, ó gbé etí fìlà náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ wò, ó gbé e sílẹ̀. Ó wá fi ẹsẹ̀ ti ẹní kan síwájú Akínwùmí, ó ju abẹ́rẹ́ kan sórí rẹ̀.

"Jókòó. Rán òmíràn."

Bẹ́ẹ̀ ni Akínwùmí ṣe di ọmọ iṣẹ́. Ó ń kọ pátákó láàárọ̀, ó ń rán fìlà lọ́sàn-án, abẹ́rẹ́ ń gún un títí ìka rẹ̀ fi le. Bó bá rán ọ̀kan tán, Àkíbù á yí i lọ yí i bọ̀, á ní, "Tú u." Wọ́n kìlọ̀ fún Àṣàkẹ́ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Ó kàn ń jókòó níwájú wọn, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń wo ọwọ́ tí kò mọ ìwọ̀n bó ṣe ń kọ́ ìwọ̀n díẹ̀ díẹ̀. Sàídì gbé ìyàwó ní Òde-Ajé. Ìyá Àṣàkẹ́ kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní oṣù kọkànlá tó ti jókòó sórí ẹní náà, Àkíbù yí fìlà kan lọ yí i bọ̀. Ìlà aró mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n rìn bí ọ̀mùtí. Òṣùpá dà bí ìgbín. Apá ọ̀tún ga ju apá òsì lọ.

"Ó burú," Àkíbù ní. Akínwùmí ti na ọwọ́ kó lọ tú u. Àkíbù ò fún un. "Mo ní ó burú. Mi ò ní kó o tú u."

Fìlà náà ni Àkíbù fi dé e lórí lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wọn, lọ́dún 1977. Gbogbo àlejò ló ń bi ara wọn pé àbí ojú ti ń dun Àkíbù aránfìlà ni.

Ọdún mẹ́tàlá kọjá lórí ìyẹn. Àkíbù ti kú. Eruku Pupa ti túká, kálukú ti lọ wá iṣẹ́ tó ń bọ́ni. Akínwùmí ṣì ń kọ pátákó, Àṣàkẹ́ ń rán aṣọ ní Bẹẹrẹ, Ọmọ́tọ́lá àkọ́bí wọn ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Gbogbo ọdún yìí, wọn ò gbọ́ rọ́ọ̀kì nílé wọn. Bí rédíò bá fẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́, Akínwùmí á rọra yí i kúrò.

Lọ́dún 1990, ẹnì kan gbé iṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: Eruku Pupa ń padà bọ̀ wá ṣeré ọ̀sán kan ṣoṣo ní Màpó. Ó kọ pátákó náà, "Eruku" àti "Pupa" gùn dọ́gba. Nígbà tó délé, ó bi Àṣàkẹ́ bóyá ó fẹ́ lọ.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Ọmọ́tọ́lá?"

"N ò mọ̀. Ká sáà lọ."

Wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn náà fún wákàtí mẹ́ta. Àwọn tó kù nínú ọmọ Eruku wà níbẹ̀, ikùn ti yọ, ewú ti yọ, wọ́n jókòó sórí òkúta, wọ́n ń fara ti ara wọn tòògbé. Kò sẹ́ni tó bínú pé wọ́n pẹ́. Gbogbo wọn ló kàn ti rẹ̀.

Mẹ́ta péré nínú àwọn márààrún ló jáde sórí ìtàgé. Èjìdé ló jáde kẹ́yìn. Irun yẹn ti tán pátá, orí rẹ̀ ń dán. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni Àṣàkẹ́ rí. Ìlà aró mẹ́ta, ó ti ṣá. Òṣùpá kékeré kan níwájú. Nítorí pé irun ò sí níbẹ̀ mọ́, fìlà náà wá jókòó dáadáa.

Èjìdé fọwọ́ kan etí rẹ̀. "Ìlú yín ni mo ti rí fìlà yìí," ó sọ sínú ẹ̀rọ. "Ọmọ Eruku kan ló jù ú fún mi. Wọ́n wá béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí, mo purọ́ pé mo ti jù ú nù. Ẹ dárí jì mí. Ó wù mí jù ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àṣàkẹ́ ò lè wo ọkọ rẹ̀. Oṣù méje lójú ọ̀nà, oṣù mọ́kànlá lórí ẹní. Ó ń retí kó dìde, kó bọ́ síwájú, kó pariwo pé òun ló ni ín. Ó ń retí pẹ̀lú, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, kí ojú rẹ̀ tún tàn bí ti ọdún náà.

Gìtá ta. "Ta Ló Ṣí Fèrèsé" ni. Àwọn àgbààgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí orí wọn, fìlà ń fò lọ, ó ń já sílẹ̀ kó tó débẹ̀ nítorí apá ò lágbára mọ́. Akínwùmí gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí fìlà wíwọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán kúrò lórí. Ó mú un dání. Àṣàkẹ́ ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó gbé e lé Àṣàkẹ́ lọ́wọ́.

"Bá mi dì í mú," ó ní. "Àwọn èèyàn yìí ti ń ju nǹkan."

Àṣàkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ẹsẹ̀ ń ro ẹ́, àbí?" Akínwùmí tún bi í.

"Láti àárọ̀."

Wọ́n jáde, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, Àṣàkẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀. Orin ń ti inú gbọ̀ngàn jáde sí wọn, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà Bẹẹrẹ.

"Ẹ ò ní béèrè fìlà yín?"

"Èwo? Èyí tó wà lórí Èjìdé yẹn?" Akínwùmí fi èékánná họ ọ̀dà kúrò ní ìka rẹ̀. "Ó bá a mu jù mí lọ."

Àṣàkẹ́ fi fìlà tọwọ́ rẹ̀ dé e lórí, ó fà á wálẹ̀ ní apá ọ̀tún kó lè dọ́gba. Ó tún wọ́ sókè padà síbi tó máa ń wà. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbé bàtà rẹ̀ dání, wọ́n sì ń rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sílé.